Ọkùnrin Tí Kì Í Ra Ìkòkò Láì Kàn Án

Ọkùnrin kan wà tí kì í ra ìkòkò láì kàn án. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa kó ìkòkò lọ́dọ̀ àwọn obìnrin tó ń mọ ọ́n, kó dì wọ́n sẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù kékeré rẹ̀, kó sì gbé wọn lọ sí àwọn ọjà tó yí ìlú náà ká. Bó bá ti dé ẹbu, ìyẹn àgbàlá tí wọ́n ti ń po amọ̀ tí wọ́n sì ti ń sun ìkòkò, kò ní dúró kí ẹnikẹ́ni máa sọ fún un pé èyí dára, èyí kò dára. Yóò bẹ̀rẹ̀, yóò fi ọwọ́ òsì di ètè ìkòkò mú, yóò fi oríkèé ìka àárín ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, èyí tó ní àpá, kàn án lẹ́ẹ̀mẹta, yóò sì dẹ etí sí i. Ìkòkò tó bá jiná dáadáa yóò dáhùn gbọ̀ọ̀n, ohùn náà yóò sì pẹ́ díẹ̀ kó tó kú. Èyí tó bá sán, bí ibi tó ti sán kò tilẹ̀ ju fọ́nrán irun kan lọ, pọ̀ọ̀ ni yóò sọ, bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun tí kò fẹ́ jẹ́ ọ.

Wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́ ìka rẹ̀ yìí ní gbogbo àdúgbò. Wọ́n a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé orí ìyàwó rẹ̀ ló kọ́kọ́ kàn kó tó san owó orí rẹ̀. Ìyàwó náà a sì ní òótọ́ ni, pé òun náà kan tirẹ̀ padà, pọ̀ọ̀ ló dún, àánú ló ṣe òun tí òun fi fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ fún odidi ogún ọdún, kò sí ẹni tó ra ìkòkò lọ́wọ́ ọkùnrin yìí tó gbé e délé kó máa jò.

Ó ní ọmọbìnrin kan, Ìbídùn ni wọ́n ń pè é, tó wà ní ọdún karùn-ún nílé ẹ̀kọ́ girama. Ọmọ náà kì í ṣe ọ̀lẹ, kò sì ṣàìgbọràn. Ìbéèrè ló pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ní sáà kan, tíṣà obìnrin kan dé sí ilé ẹ̀kọ́ wọn, ó sì dá kíláàsì kan sílẹ̀ ní òwúrọ̀ Sátidé. Wọn kì í ṣe ìṣirò níbẹ̀, wọn kì í kọ gẹ̀ẹ́sì. Ohun tí wọ́n ń kọ́ ni bí èèyàn ṣe lè fi fóònù tajà fún ẹni tí kò rí rí, àti bí èèyàn ṣe lè jókòó ti ìṣòro títí yóò fi rí ọ̀nà tí ẹlòmíràn kò rí. Òfin méjì ni tíṣà yìí ní. Ó ní kí ọmọ má ṣe wá ohun tí yóò tà kó tó wá ẹni tí nǹkan ń ni lára. Ó sì ní bí ìṣòro bá dé, kí wọ́n kọ ọ̀nà mẹ́wàá sílẹ̀ kí wọ́n tó yan ẹyọ kan, nítorí pé mẹ́ta àkọ́kọ́, ọ̀nà tí gbogbo ayé ń tọ̀ ni.

Ìbídùn fẹ́ràn kíláàsì náà bí ẹni fẹ́ràn oúnjẹ. Ibẹ̀ nìkan ni wọn kì í ti í sọ fún un pé ìbéèrè rẹ̀ ti pọ̀ jù.

Ó wò yíká, ó wá ẹni tí nǹkan ń ni lára, kò sì rìn jìnnà. Àwọn obìnrin ẹbu ló rí. Láti ìgbà tí ike ti gba ọjà, àmù omi ń pọ̀ sí i lábẹ́ ahéré wọn, alángbá sì ti ń yé ẹyin sínú òmíràn. Ìyá Ẹbu, tó jẹ́ olórí wọn, tó ti jẹ́ ìyàwó ilé kí wọ́n tó bí baba Ìbídùn, a máa sọ pé àwọn ti di ẹni tó ń mọ ilé fún alángbá. Ọmọ náà sì rántí àwọn ìbátan wọn tó ń gbé ní ìlú ńlá, tí iná ìjọba ń lọ lọ́dọ̀ wọn títí ẹ̀rọ amómitutù yóò fi di àpótí aṣọ. Àmù kì í béèrè iná kó tó mú omi tutù. Ìbídùn ní àwọn méjèèjì yìí yẹ kí wọ́n mọra. Ó tọrọ ògbólógbòó fóònù ìyá rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí baba rẹ̀ rí yàtọ̀. Ó rí ọmọ rẹ̀ tó tẹ orí mọ́ fóònù lẹ́yìn ilé ìdáná, tó ń rẹ́rìn-ín sí ẹni tí òun kò rí. Ẹ má sì pe ọkùnrin náà ní òǹrorò. Oṣù tó kọjá ni àwọn ọlọ́pàá wá kó ọmọkùnrin mẹ́ta ní ìlú kejì, wọ́n ní gbájú-ẹ̀ ni wọ́n ń fi fóònù ṣe. Ọmọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ wà lára wọn. Ọ̀rẹ́ náà kì í jáde wá kí èèyàn mọ́. Ẹ̀rù ló ń ba baba Ìbídùn, ẹ̀rù ọkùnrin sì sábà máa ń jáde bí ìbínú.

Ó pe ọmọ rẹ̀, ó ní, “Ọjà tí ẹni tó ń rà kò rí ẹni tó ń tà, kí ni wọ́n ń tà níbẹ̀ bí kò ṣe irọ́?”

Ọmọ náà ní, “Ìkòkò ni, Bàámi.”

Baba ní òun kò bá a jà. Ó ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù tí wọn yóò tún sun ìkòkò ní ẹbu. Bí ọjọ́ náà bá fi pé tí òun kò tíì fi ojú ara òun rí ẹnì kan tó fẹ́ rà, ẹni tó ní ojú, tó ní ilé, fóònù yóò padà sínú àpótí ìyá rẹ̀, ọ̀rọ̀ kíláàsì Sátidé yóò sì parí. Ìbídùn kúnlẹ̀, ó ní òun ti gbọ́.

Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì lọ gba àmù mẹ́fà lọ́wọ́ Ìyá Ẹbu. Wọ́n fọ̀ wọ́n. Ọ̀kan nínú wọn ní ojú ìkòkò náà ti gbẹ jù, pé kò ní mọ́lẹ̀ nínú fọ́tò. Ni wọ́n bá wá àdín, wọ́n fi pa àwọn àmù náà títí wọ́n fi ń dán bí ojú ìyàwó tuntun, wọ́n tò wọ́n sábẹ́ igi àgbálùmọ̀, wọ́n yà wọ́n ní fọ́tò, wọ́n sì gbé wọn sórí ayélujára. Ìyìn pọ̀. Ẹni tó rà kò sí. Ọjọ́ kẹjọ ni obìnrin kan kọ̀wé sábẹ́ fọ́tò náà pé, “Ọmọ amọ̀kòkò ni mí. Ìkòkò tí wọ́n bá fi àdín pa lójú báyìí, ibi tó sán ni wọ́n ń bò. Ta lẹ fẹ́ tàn jẹ?”

Bẹ́ẹ̀ ló sì rí. Ẹnikẹ́ni tó bá dàgbà lágbo ìkòkò mọ̀ pé àdín ni àwọn alárékérekè fi ń dí ojú ibi tó sán. Àmù tó dára, ojú gbígbẹ ló máa ń ní. Ni àwọn èèyàn bá bẹ̀rẹ̀ yẹ̀yẹ́. Ẹnì kan ní kí wọ́n bá òun sọ iṣu sí i, epo ti wà níbẹ̀. Ẹnì kan béèrè bóyá ìkòkò náà ń lọ ṣègbéyàwó ni. Àwọn ọmọbìnrin náà sunkún. Ọ̀kan nínú wọn ní ìyá òun ti ń kùn tẹ́lẹ̀, òun kò ṣe mọ́.

Ìyàwó ló sọ fún baba Ìbídùn. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí fìlà fi bọ́ lórí rẹ̀. Ó ní, ṣé ẹ rí i, àwọn èèyàn náà ti gbóòórùn irọ́. Ìyàwó rẹ̀ ń ro ọkà lọ́wọ́, kò gbójú sókè. Ó ní, “Ṣé irọ́ ni ọmọ náà pa, àbí ohun tí ìwọ mọ̀ tí o kò sọ fún un ni?”

Ọkùnrin náà ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ó gbọ́.

Ìbídùn fi omi gbígbóná àti eérú fọ àdín kúrò lára àwọn àmù náà. Ó kọ ọ́ sórí ayélujára pé àwọn kò mọ̀ ni, kí wọ́n má bínú. Lẹ́yìn náà ló ṣí ìwé rẹ̀, ó sì kọ ìbéèrè kan sókè rẹ̀: báwo ni ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò tó ìkòkò yóò ṣe kàn án? Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀nà mẹ́wàá. Kí àwọn búra. Kí àwọn dín owó. Kí tíṣà bá àwọn jẹ́rìí. Ó fagi lé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nítorí pé ohun tí oníjìbìtì pàápàá yóò ṣe nìyẹn. Kí àwọn máa gbé ìkòkò kiri láti ilé dé ilé. Iṣẹ́ Bàámi nìyẹn. Nígbà tí yóò fi dé ìkẹjọ, ó ti rẹ̀ ẹ́, ó sì kọ ọ́ pé kí oníbàárà gé ìka rẹ̀ fi rán awakọ̀ sí àwọn. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ṣẹ́kù rí i, ó bú sẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọn yóò rẹ́rìn-ín láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ àdín ti ṣẹlẹ̀. Inú ọ̀rọ̀ òmùgọ̀ yẹn ni ìkẹwàá ti wá. Bí ìka kò bá lè rìnrìn àjò, etí ńkọ́?

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, baba rẹ̀ ń fọ ọkọ̀ níwájú ilé nígbà tó gbọ́ tí ẹnì kan ń kan ìkòkò lẹ́yìn ilé ìdáná. Gbọ̀ọ̀n. Gbọ̀ọ̀n. Pọ̀ọ̀. Etí rẹ̀ dìde fúnra rẹ̀. Kò tilẹ̀ yíjú, ó ké láti ibi tó wà pé kí wọ́n gbé ẹ̀kẹta yẹn sọ́tọ̀, ó ti sán ní ìdí.

Ó fi ọkọ̀ sílẹ̀. Ó rìn yí ilé ká. Kò rí ìkòkò kankan. Ìbídùn nìkan ló wà níbẹ̀ lórí àpótí, fóònù wà ní itan rẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì là sílẹ̀.

Ó ní, “Bàámi, ẹbu ni ìkòkò náà wà. Àná ni mo gba ohùn rẹ̀.”

Ọkùnrin náà dúró, omi ń kán láti ara àkísà ọwọ́ rẹ̀ sórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ní kó tún un ṣe. Ọmọ náà tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀mẹta ló gbọ́ ọ, lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló gbọ́ ibi tó ti sán, ní ìdí, lọ́wọ́ òsì. Òun tó ní kò sí ohun tí wọ́n ń tà fún ẹni tí kò rí wọn bí kò ṣe irọ́, òun náà ló dá òótọ́ mọ̀ yìí láì rí nǹkan kan.

Ó béèrè ìdí tó fi fi èyí tó sán sí i.

Ọmọ náà ní, “Kí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lè mọ̀ ọ́n yàtọ̀ ni. Tí n kò bá jẹ́ kí wọ́n gbọ́ èyí tó sán, báwo ni wọ́n ṣe máa mọ̀ pé èyí tí mò ń tà kò sán?”

Baba wo ìka ara rẹ̀. Fún ogún ọdún tó ti ń kan ìkòkò, kò tíì kan èyí tó sán sí etí oníbàárà rí. Ìdákẹ́jẹ́ ló fi ń gbé e tì. Ó wá ṣe bí baba ti máa ń ṣe nígbà tí ayọ̀ bá ká wọn mọ́: ó wá ẹ̀sùn. Ó ní kọ́kọ́rọ́ lọmọ náà fi kàn án, irin kì í sì jẹ́ kí amọ̀ sọ tinú rẹ̀. Ó ní oríkèé ìka ni. Ó ní kì í ṣe ìka yẹn. Kí ó tó mọ̀, ó ti ní òun yóò bá a lọ sí ẹbu. Bó ṣe di pé ọwọ́ rẹ̀ wà nínú fídíò nìyẹn. Ojú rẹ̀ kò sí níbẹ̀, ó ní kí wọ́n má ya ojú òun. Nígbà tí wọ́n ṣe é tán, ó tún ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ ṣe, ó ní ọ̀rọ̀ tí òun sọ ṣì wà níbẹ̀ o: ẹni tó ní ojú, tó ní ilé.

Ọjọ́ sísun pé. Láti ìdájí ni wọ́n ti to ìkòkò jọ, wọ́n fi igi àti màrìwò àti koríko gbígbẹ bò ó, wọ́n sì finá sí i. Ọ̀pọ̀ èèyàn ti gbọ́ ohùn àwọn àmù náà lórí fóònù. Àwọn kan béèrè èyí, wọ́n béèrè ìyẹn. Obìnrin tó sọ̀rọ̀ àdín kọ̀wé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó ní, “Mo gbọ́,” kò sì sọ nǹkan kan mọ́. Ó di ọ̀sán. Iná pọ́n. Ẹnikẹ́ni kò wá.

Ìbídùn fi etí aṣọ nu fóònù náà. Ó kúnlẹ̀ níwájú gbogbo wọn, ó fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí baba rẹ̀. Kò sunkún. Èyí gan-an ló dun ọkùnrin náà. Ó gbà á, ó sì ṣe ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ̀ọ́ ṣe: ó yí i padà, ó fi ìka kan ẹ̀yìn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Àwọn obìnrin bú sẹ́rìn-ín. Ìyá Ẹbu kò bá wọn rẹ́rìn-ín.

Ó ní, “Ọkọ mi, kí ló wí?”

Há ni ọkùnrin náà há. Ẹni tó bá yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà ní gbangba, ta ni yóò tún gba ìka rẹ̀ gbọ́ lọ́jà? Ẹni tó bá sì sẹ́ ohun tí etí rẹ̀ gbọ́, kí ló fẹ́ fi ìka ṣe mọ́? Ó wo iná náà títí. Àwọn tó wà níbẹ̀ ní ètè rẹ̀ ń mì bí ẹni tó ń ka nǹkan, bóyá ó ń wá ọ̀nà mẹ́wàá.

Ó ní, “Ọjọ́ tí a bá sun ìkòkò ni mo sọ. Ìkòkò tó ṣì wà nínú iná, tí a kò tíì kàn, ẹnìkan kì í ní a ti sun ún. Ó di ọ̀la kí wọ́n tó tutù.” Ó sì dá fóònù padà fún ọmọ rẹ̀.

Ìyá Ẹbu gbọn eérú ọwọ́ rẹ̀ dànù, ó ní, “Ẹ bá mi wò ó, òun náà ti wọ kíláàsì Sátidé.”

Lọ́jọ́ kejì, ọkùnrin náà kan ìkòkò bí ẹni tí kò fẹ́ kó tán. Yóò kan ọ̀kan, yóò gbọ́ ọ, yóò tún un kàn. Àwọn obìnrin ń fi ojú sọ̀rọ̀ síra wọn. Oòrùn ti ń mú nígbà tí ọkọ̀ kan dúró lẹ́nu ọ̀nà, tí ìyá àgbàlagbà kan fi ọ̀pá sọ̀ kalẹ̀. Ó kí wọn kú iṣẹ́. Kò béèrè iye owó. Ó béèrè ẹni tó ni ọwọ́ tó ní àpá lórí ìka àárín.

Ọkùnrin náà fi ọwọ́ pamọ́ sẹ́yìn bí ọmọdé. Ìyá náà rí i, ó fà á jáde, ó wo àpá náà, ó rẹ́rìn-ín. Òun ni ọmọ amọ̀kòkò tó sọ̀rọ̀ àdín. Ó ní ìyá òun ló máa ń kan ìkòkò báyẹn, pé láti ìgbà tó ti kú òun kò gbọ́ irú rẹ̀ mọ́, pé ọjọ́ mẹ́ta lòun fi ń gbọ́ ọ lórí fóònù kí òun tó sọ fún awakọ̀ òun pé kó múra. Ó wá yíjú sí Ìbídùn.

Ó ní, “Ṣùgbọ́n èyí tó sán ló mú mi wá. Ẹni tó jẹ́ kí n gbọ́ ohùn èyí tó sán kò ní tàn mí.”

Síbẹ̀, ó tún fi ìka ara rẹ̀ kan àmù mẹ́rin kó tó gbé wọn, kò sì sí ẹni tó bínú sí i nínú wọn. Wọ́n fi koríko dì wọ́n sínú ọkọ̀ rẹ̀. Kó tó lọ, ó dárúkọ àdúgbò rẹ̀ àti òpópónà ilé rẹ̀, ó ní kí wọ́n yà kí òun bí wọ́n bá gba ibẹ̀ kọjá. Ó ní ojú, ó ní ilé. Ìbídùn wo baba rẹ̀. Baba rẹ̀ ń wo ìkòkò.

Kíláàsì Sátidé ń bá a lọ. Ọ̀rẹ́ tó sá lọ ti padà. Tíṣà náà ránṣẹ́ sí baba Ìbídùn pé kó wá fi bí wọ́n ṣe ń kan ìkòkò han gbogbo àwọn ọmọ. Ó ní òun kò ráyè irú ìyẹn. Ìyàwó rẹ̀ ní ọjọ́ Jímọ̀ ló ti fọ bàtà rẹ̀ sílẹ̀.

Ìwọ wá ńkọ́, tí o jókòó síbí tí o ń ráhùn pé ọmọ rẹ kì í gbé ojú kúrò lára fóònù, tí o ní o fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ kí o sọ ọ́ sínú kànga? O kì í ra ẹyin láì mì í létí. O kì í ra iṣu láì fi èékánná họ ọ́. Ọmọ tí o bí yìí nìkan ni o ń ti òkèèrè wò tí o sì ti dá lẹ́jọ́. Padà sílé, kí o lọ kàn án. Jókòó tì í, kí o ní, fi hàn mí, kí lò ń ṣe níbẹ̀ yẹn, ta ló ń ṣe láǹfààní? Kí o sì dẹ etí. Bó bá dún pọ̀ọ̀, ìwọ ni yóò kọ́kọ́ gbọ́ ọ, kí ọlọ́pàá tó gbọ́. Àmọ́ bó bá dún gbọ̀ọ̀n, má ṣe wí pé ó ti tán. Rántí àdín. Àwọn ọmọ yẹn kò purọ́. Ohun tí àgbà mọ̀ tí kò sọ ló dójú tì wọ́n. Ohun kan wà tí ìwọ náà mọ̀ tí kò sí nínú fóònù yẹn. Na ọwọ́ rẹ sí i, kí ọmọ rẹ fi fóònù yà á.